Láptọ́ọ̀pù ọdún 2012 tí mo fi Debian sí kò gbéra: ṣé hard disk ni ó kú lóòótọ́?

Olùkọ́ Ìgbógbó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mo ń gbé, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ń múra ìdánwò JAMB sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò sì tíì fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rí. Nítorí wọn ni mo fi fẹ́ kí láptọ́ọ̀pù tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ fún mi padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é. Core i5 ìran kẹta ni, RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 4, hard disk rẹ̀ sì jẹ́ gígábáìtì 500, irú èyí tí ń yí nínú, kì í ṣe SSD. Bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá, nítorí náà orí wáyà ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Windows 10 ni ó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, mo gbìyànjú láti bọ́ sí Windows 11, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò ní TPM 2.0, ìyẹn ohun ààbò kékeré inú ẹ̀rọ tí Windows 11 ń béèrè, ìran Core i5 rẹ̀ náà sì ti pẹ́ jù fún un. Bí mo ṣe yà sí Linux nìyẹn, ètò ìṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí a lè lò dípò Windows.

Debian 13, ọ̀kan nínú àwọn irú Linux, ni mo gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí kékeré tí wọ́n ń pè ní netinst, nítorí pé kò tó gígábáìtì kan, mo sì ń ṣọ́ dátà mi. Kọ̀ǹpútà aládùúgbò mi ni mo fi kọ ọ́ sórí fíláàṣì pẹ̀lú Rufus, ètò tí a fi ń sọ fíláàṣì di ohun ìfisí. Mo fi wáyà so fóònù mi mọ́ láptọ́ọ̀pù náà kí ó lè máa fa ìyókù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo yan Xfce, ìyẹn ojú iṣẹ́ tí kò wúwo fún ẹ̀rọ, mo sì jẹ́ kí ó nu gbogbo ohun tí ó wà lórí disk nù. Ó tó wákàtí mẹ́ta kí ó tó parí, ṣùgbọ́n ó parí láìsí ìdíwọ́ kankan, ó sì ní kí n yọ fíláàṣì kúrò.

Ìgbà tí mo tún un tàn ni ìṣòro dé. Ojú rẹ̀ dúdú, ìlà kan péré ni ó wà níbẹ̀: «No bootable device». Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ibì kan náà ni a tún bá ara wa. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sábó. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí ó fi wò ó, ó sì ní hard disk ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Kò sí owó yẹn lọ́wọ́ mi báyìí. Bí mo bá sì ki fíláàṣì yẹn bọ̀ ọ́, kíá ni ojú ìwé Debian máa ń jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé hard disk ni lóòótọ́?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Odògùnyàn

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra hard disk, ẹ má sì fi Debian sí i lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ṣòro kí disk tí ó ti kú gba gbogbo Debian sínú ní ẹ̀ẹ̀mejì láìjanpata. Ì bá ti dúró lójú ọ̀nà, tàbí kí ó máa kígbe pé òun kò lè kọ nǹkan sílẹ̀.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wá ni ibi tí ìrìn náà ti dúró, nítorí pé kì í ṣe Debian ni ó kọ́kọ́ ń jí nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì. Ètò kékeré kan wà tí àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà kọ sórí bọ́ọ̀dù rẹ̀, UEFI ni à ń pè é lórí àwọn ẹ̀rọ ìgbà yẹn. UEFI yìí ni yóò wá GRUB, ètò tí ń ṣílẹ̀kùn fún Linux, lórí disk, GRUB ni yóò gbé kernel, ìyẹn ọkàn Linux, sínú RAM, kernel ni yóò sì wá ìpín disk tí Debian wà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ rí yẹn, ẹnu UEFI ni ó ti jáde. Bí ó bá jẹ́ pé GRUB ni ó sọnù lójú ọ̀nà, «grub rescue» ni ẹ̀ bá rí. Bí ó bá jẹ́ pé kernel ni kò rí ìpín rẹ̀, «initramfs», ibi ìdúró kékeré kí Debian tó wọlé, ni ì bá yọ sí yín. Nítorí náà, Debian yín wà níbẹ̀ tí ó jókòó jẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni kò tíì kàn án lára ni.

Mo fura sí ohun kan, fíláàṣì yín ni ó sì jẹ́ kí n fura sí i. Lórí ẹ̀rọ UEFI, ìpín kékeré kan máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ disk, irú FAT ni, ibẹ̀ sì ni gbogbo ètò ìṣiṣẹ́ máa ń fi ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un sí. Debian a máa fi tirẹ̀ sínú EFI/debian, lẹ́yìn náà ni yóò kọ àdírẹ́sì yẹn sínú ìrántí UEFI pé ibí ni kí o ti wá mi. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kan wà láti ọdún wọ̀nyẹn tí kì í ka àdírẹ́sì tí a kọ fún wọn sí. Ọ̀nà méjì péré ni wọ́n mọ̀: ọ̀nà tí Windows máa ń gbà, àti fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ EFI/BOOT/BOOTX64.EFI, èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ohun tí a ń kì bọ ẹ̀rọ tí a sì ń yọ. Fáìlì yẹn ni fíláàṣì yín ní, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi ń gbéra kíá. Disk yín kò ní in, nítorí pé Debian kì í fi síbẹ̀ àfi bí a bá sọ fún un.

Ẹ ki fíláàṣì yẹn bọ̀ ọ́ padà. Ní ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ yan Advanced options, kí ẹ sì yan Rescue mode níbẹ̀. Yóò béèrè èdè, kíbọ́ọ̀dù àti íntánẹ́ẹ̀tì bí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, kò ní nu nǹkan kan nù. Bí ó bá béèrè ìpín tí Debian wà, bí ẹ bá jẹ́ kí ó pín disk fúnra rẹ̀, /dev/sda2 ni yóò jẹ́, torí pé sda1 ni ìpín kékeré tí mo sọ. Bí ó bá béèrè bóyá kí òun so /boot/efi mọ́ ọn, ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, àkójọ kan yóò jáde tí ìlà kan wà nínú rẹ̀ báyìí: «Force GRUB installation to the EFI removable media path». Òun ni kí ẹ tẹ̀. Kò yẹ kí ó gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó ṣe é, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ wádìí. Ẹ yan ṣẹ́ẹ̀lì nínú àkójọ yẹn, kí ẹ kọ `ls /sys/firmware/efi`. Bí ó bá to orúkọ jáde, UEFI ni fíláàṣì yín gbà wọlé, a wà lójú ọ̀nà. Bí ó bá ní kò sí irú rẹ̀, ẹ padà wá sọ fún mi, torí pé ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ìyá Atẹ̀wé Ẹbúté

Ẹ kú àlàyé, ọ̀gá mi. Èmi ò kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà níbì kankan, iṣẹ́ títẹ̀wé àti ẹ̀dà ṣíṣe ni mo ń ṣe nítòsí èbúté, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mẹ́ta tí wọ́n ti dàgbà ni mo ń lò, Linux sì ni ó wà lórí gbogbo wọn. Ọ̀nà tèmi ni pé mo máa ń wọ inú BIOS, ìyẹn ojú ìwé ètò ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, mo máa ń yí i sí Legacy, ọ̀nà ìgbéra tí ó ti wà ṣáájú UEFI, mo sì máa ń fi Linux sí i lọ́nà àtijọ́. Wàhálà UEFI yìí kò dé ọ̀dọ̀ mi rí. Kí ló dé tí olùkọ́ kò fi ṣe bẹ́ẹ̀?

Mo sì fẹ́ fi èyí kún un fún ẹlòmíràn tí ó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí: ọ̀kan nínú ẹ̀rọ mi jẹ́ irú àtijọ́ tí à ń pè ní 32-bit, kì í ṣe 64-bit, Debian 13 kò sì ṣe ohun ìfisí kankan mọ́ fún 32-bit. Debian 12 ni mo fi sí ìyẹn. Kí ènìyàn yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò kí ó tó fi dátà ṣòfò.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Odògùnyàn

Ẹ ṣeun, mà. Ọ̀nà yín kò burú rárá, èmi náà máa ń lò ó fún àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti wà ṣáájú ọdún 2010. Ibi tí ó ti ń ṣe àwọn ènìyàn ní jàǹbá ni pé wọ́n máa ń yí i sí Legacy lẹ́yìn tí wọ́n ti fi Linux sí i tán. Ọ̀nà tí fíláàṣì bá gbà wọlé ni ohun ìfisí máa ń tẹ̀lé: bí ó bá gba UEFI wọlé, ọ̀nà UEFI ni yóò fi pín disk, tí yóò sì gbé GRUB kalẹ̀, bí ó bá gba Legacy, ti Legacy ni. Bí olùkọ́ bá yí i padà nísinsìnyí, Legacy yóò wá GRUB ní ìbẹ̀rẹ̀ disk, kò sì ní bá a níbẹ̀, torí pé a kò fi síbẹ̀. Àfi kí ó tún fi Debian sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, wákàtí mẹ́ta mìíràn nìyẹn, àti dátà. Bí iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ bá lè tán an, kí a kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀.

Olùkọ́ Ìgbógbó

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tọkàntọkàn. Ó gbéra! `ls /sys/firmware/efi` to orúkọ jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí, mo tẹ ìlà tí ẹ ní kí n tẹ̀, mo yọ fíláàṣì, mo tún un tàn. Nígbà tí ojú ìwé GRUB yọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbàgbọ́. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n ti fi ṣe ìdánrawò lórí rẹ̀ ní àná, ẹ̀rọ náà sì yá ju bí ó ti yá lábẹ́ Windows lọ.

Ṣùgbọ́n mo tún ti padà wá. Ní òwúrọ̀ yìí, mo ń ṣe ìmúdójúìwọ̀n pẹ̀lú apt, irinṣẹ́ tí Debian fi ń gba ètò, ni iná bá lọ. Ẹ rántí pé kò ní bátìrì, ojú ẹsẹ̀ ni ó kú. Nígbà tí iná dé, GRUB jáde dáadáa, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni ó dúró síbi tí a kọ initramfs sí. Mo ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Ìlà kan sọ pé «Superblock last mount time is in the future», òmíràn sọ pé «/dev/sda2: UNEXPECTED INCONSISTENCY, RUN fsck MANUALLY». Ṣé disk ni ó wá kú tán báyìí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìjẹdè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀, irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́pọ̀ ìgbà ní Ìjẹdè. Disk kò kú. Nígbà tí iná lọ, àwọn fáìlì kan wà tí Debian ń kọ lọ́wọ́ tí kò tíì kọ tán, ìwé àkọsílẹ̀ disk àti ohun tí ó wà lórí disk kò sì bá ara mu mọ́. Debian kọ̀ láti wọlé nítorí pé kò fẹ́ ba ohun tí ó kù jẹ́, ó wá ní kí ẹ̀yin fúnra yín pàṣẹ.

Níbi tí ó dúró sí yẹn, ẹ kọ `fsck /dev/sda2`, irinṣẹ́ tí ń yẹ ìpín disk wò tí ó sì ń tún un ṣe ni. Yóò máa bi yín léèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá kí òun tún un ṣe, kí ẹ máa tẹ y. Bí ìbéèrè bá pọ̀ jù, ẹ lè dá a dúró kí ẹ kọ `fsck -y /dev/sda2`, yóò dá ara rẹ̀ lóhùn. Bí ó bá parí, ẹ kọ `reboot`. Ẹ má ṣe fsck sórí ìpín tí Debian ti ń lò lọ́wọ́ o, ibi tí ẹ wà yìí ni ó dára jù, torí pé a kò tíì ṣí ìpín náà.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Odògùnyàn

Àbúrò mi ti sọ ohun tí ó tọ́, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé, ìmúdójúìwọ̀n tí iná gé kúrú yẹn ni kí ẹ parí kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn. `dpkg --configure -a` ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà `apt -f install`. Bí ẹ bá foju fò ó, tí ó sì jẹ́ pé kernel tuntun ni apt ń fi síbẹ̀ nígbà tí iná lọ, ẹ̀rọ náà lè tún má gbéra nígbà mìíràn, kí ẹ sì máa rò pé disk ni. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ yan Advanced options lójú ìwé GRUB, kernel àtijọ́ yóò wà níbẹ̀, ẹ gba ibẹ̀ wọlé.

Ìlà àkọ́kọ́ tí ẹ kọ yẹn ni ó gbà mí láfiyèsí jù. Debian ń sọ pé ìgbà tí a lo disk yìí kẹ́yìn jẹ́ ọjọ́ iwájú. Disk kò lè ti ọjọ́ iwájú wá, aago ẹ̀rọ náà ni ó padà sẹ́yìn. Bátìrì kékeré pẹlẹbẹ bíi owó ẹyọ kan wà lórí bọ́ọ̀dù, CR2032 ni à ń pè é lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, òun ni ó ń bá aago ṣiṣẹ́ nígbà tí kò bá sí iná rárá. Lórí ẹ̀rọ tí bátìrì ńlá rẹ̀ ti kú, gbàrà tí iná bá lọ, kékeré yìí nìkan ni ó kù, tiyín sì ti lo ọdún rẹ̀. Ẹ kò mọ̀ títí di ìsinsìnyí nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì ń tún aago ṣe lẹ́yìn tí Debian bá ti wọlé. Bí ẹ bá lò ó kí íntánẹ́ẹ̀tì tó tún aago ṣe, apt lè ní ìwé tí òun gbà kò tíì tó àkókò, ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì sì lè má ṣí. Nígbà mìíràn ètò inú BIOS pàápàá máa ń padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kí ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ó yí i. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kò wọ́n.

Kí ọkàn yín lè balẹ̀ nípa disk, ẹ fi `apt install smartmontools` gba irinṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ `smartctl -a /dev/sda`. Ìlà méjì ni kí ẹ wá: Reallocated_Sector_Ct àti Current_Pending_Sector. Nọ́ńbà tí ó wà ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kà. Bí méjèèjì bá jẹ́ 0, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ìkejì bá ju 0 lọ, tí ó sì ń pọ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀, ẹ tètè kó iṣẹ́ àwọn ọmọ kúrò lórí rẹ̀. Nígbà yẹn ni èmi náà yóò sọ pé kí ẹ wá owó SSD.

Ìyá Atẹ̀wé Ẹbúté

Olùkọ́, ẹ gba èyí lẹ́nu mi: ẹ má ṣe ìmúdójúìwọ̀n mọ́ lórí iná ìjọba nìkan níwọ̀n ìgbà tí kò sí bátìrì nínú ẹ̀rọ. Ìgbà tí mo bá tan jẹnẹrétọ̀ fún iṣẹ́ ni èmi máa ń ṣe tèmi, epo inú rẹ̀ á sì ti kún.

Olùkọ́ Ìgbógbó

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. fsck bi mí ní ìbéèrè bíi mọ́kànlá, mo sì dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó wọlé, sudo, àṣẹ tí a fi ń gba agbára ọ̀gá ẹ̀rọ, kọ̀ fún mi ní àkọ́kọ́. Mo wá rí i pé nítorí pé mo fún root, ìyẹn ọ̀gá ẹ̀rọ náà, ní password tirẹ̀ nígbà tí mo ń fi Debian sí i ni, nítorí náà mo kọ `su -`, ó sì gbà. dpkg parí ohun tí iná gé. Nọ́ńbà méjèèjì tí ẹ ní kí n wò jẹ́ 0. Mo pa wáyà, mo dúró fún wákàtí kan, mo tún un tàn láìso fóònù mọ́ ọn: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012 ni aago rẹ̀ sọ nínú BIOS.

Mo ti ra CR2032 ní Sábó ní ìrọ̀lẹ́ àná, ìdérí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ṣí láìsí wàhálà, aago kò sì padà sẹ́yìn mọ́ bí mo tilẹ̀ yọ wáyà ní gbogbo òru. Mo gé bébà kan, mo kọ ọ́ sára rẹ̀ pé sda1 ni EFI, sda2 ni Debian, mo kọ àṣẹ fsck sí ìsàlẹ̀ wọn, mo sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ náà, kí ẹni tí ó bá wà pẹ̀lú àwọn ọmọ lọ́jọ́ tí èmi kò bá sí nílé lè mọ ohun tí yóò ṣe.